Aṣọ Ìnujú Ọ̀gá Mo-Ń-Sọ̀rọ̀-Lọ́wọ́

Mo fi orí mi búra, mo sì fi orí ẹni tó ń ka ìwé yìí kún un, pé òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀. Ó dáa, ọ̀rọ̀ kan lè wà. Ó lè tó méjì. Ìtàn tí kò bá sì ní iyọ̀ díẹ̀ nínú, ta ló máa gbé e mì? Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí imú ọ̀gá yìí, imú gidi ló ṣẹlẹ̀ sí. Èmi ò jẹ́ fi imú ẹlòmíràn ṣeré.

Ọ̀gá kan wà ní ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ pè é ní Igbákejì Olùdarí Àgbà fún Ọ̀ràn Ilé Ẹ̀kọ́ àti Ọ̀ràn Mìíràn Tó Bá Yọjú. Àwọn ọmọ ilé ìwé ò ní àsìkò fún ìyẹn. Mo-Ń-Sọ̀rọ̀-Lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí ènìyàn bá sín, bí àga bá dún, ohun tó máa ń sọ náà nìyẹn: "Mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́!" Wọ́n ní ó sọ ọ́ fún òjò lọ́jọ́ kan, òjò sì dá. Irọ́ ni. Òjò ò dá. Òun ló sá wọlé.

Ọ̀gá yìí sanra lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, bí àpò ìrẹsì tí wọ́n gbé ka orí igi méjì. Kóòtù dúdú onípele mẹ́ta ló ń wọ̀ lójoojúmọ́, oòrùn ìbáà máa yan ẹyẹ lórí wáyà. Àmì ẹ̀yẹ aláwọ̀ wúrà kan wà láyà kóòtù náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi dá ara rẹ̀ lọ́lá, lọ́jọ́ tí ẹni tó yẹ kó dá a lọ́lá kò wá.

Láràárọ̀, bó bá ti gúnlẹ̀, ènìyàn mẹ́ta gbọ́dọ̀ tò sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni àkọ́kọ́ á gba báàgì, á ní, "Ẹrù ọgbọ́n rèé!" Ẹnì kejì á ṣílẹ̀kùn, á ní, "Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé!" Ẹnì kẹta ò ní nǹkan tó máa gbà tàbí tó máa ṣí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó mí kanlẹ̀, kó ní, "Háà!" Nígbà tí ẹni yẹn gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n wá adelé fún un.

Ẹni tó mọ Ọ̀gá jù nílé iṣẹ́ yẹn ni Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, oníwà jẹ́jẹ́, tí ohùn rẹ̀ kì í ju ti ewé tó já bọ́ lọ. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá ń sọ. Kì í sì í ṣe kíkọ nìkan. Ojú Ọ̀gá ò rí ìwé kà mọ́, ṣùgbọ́n kò gbà láti lo jígí ojú, ó ní jígí kì í jẹ́ kí ará ìlú rí bí ojú aṣáájú ṣe ń tàn. Nítorí náà, ibikíbi tí Ọ̀gá bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, Akọ̀wé á fara pa mọ́ sítòsí, sẹ́yìn òdòdó ni o, sẹ́yìn aṣọ fèrèsé ni o, á máa sọ ọ̀rọ̀ náà wúyẹ́wúyẹ́ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, Ọ̀gá á sì máa ké e sókè tẹ̀ lé e. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé ọ̀rọ̀ kì í gba inú orí rẹ̀ kọjá mọ́. Láti etí, ẹnu ló kàn. Lọ́jọ́ kan tí Akọ̀wé wà lábẹ́ tábìlì, èèrà ta á, ó ní, "Yéè, ẹsẹ̀ mi!" Ọ̀gá na ọwọ́ sókè fún gbogbo èrò, ó ní, "Yéè! Ẹsẹ̀ mi!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé òwe ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kan ni Àǹtí Tíṣà wọlé tọ Ọ̀gá wá. Obìnrin yìí ló ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde ilé ìwé. Eré oníṣe kan wà nínú ìwé tí wọ́n ń kà, nípa aránbàtà kan tó máa ń jí ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo, tí á sì tún un tà fún ẹni tó ni ín. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n ti ń kà á. Wọ́n mọ ojú ewé tí aránbàtà ti ṣubú. Wọ́n mọ ìbéèrè márààrún tí wọ́n máa ń béèrè lórí ìṣubú náà. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rí ènìyàn ṣubú lórí ìtàgé rí.

"Ọ̀gá," ni Àǹtí Tíṣà wí, "ẹni tó ń ka eré láì wò ó, bí ẹni tó ń ka orúkọ oúnjẹ lára ògiri ni. Ebi ò ní yé pa á. Ẹgbẹ́ òṣèré wà ní gbọ̀ngàn òpópónà kejì yìí, wọ́n ní àwọn máa ṣe é fún wọn. Ìparí oṣù làwọn ọmọ yìí ń jáde. Bí wọn ò bá wò ó báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní rí eré ìtàgé mọ́ títí ayé. Àṣẹ yín àti bọ́ọ̀sì la kàn ń wá."

"Eré?" ni Ọ̀gá wí. "Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń kẹ́kọ̀ọ́?"

"Ẹ̀kọ́ náà ni, sà."

"Ta ló máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Àwọn òṣèré ni, sà."

"Mo ní, ta ló máa *sọ̀rọ̀*?"

Àǹtí Tíṣà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Ó tẹrí ba. "Ó di dandan kí ẹ̀yin náà bá wa sọ díẹ̀, sà."

"Díẹ̀," ni Ọ̀gá wí, ojú rẹ̀ sì ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ohun tí Ọ̀gá ò sọ ni pé àga Olùdarí Àgbà ti ṣófo látìgbà tí Olùdarí àtijọ́ ti kú. Ẹni tó máa yan ẹlòmíràn síbẹ̀ ni Ìyá Alága, olórí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́, òun náà sì ni opó olóògbé. Ìyá Alága fẹ́ràn eré ìtàgé bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ìsinmi. Bó bá wá wo eré, tó gbọ́ bí Ọ̀gá ṣe ń sọ̀rọ̀, ta ni yóò tún máa wá kiri?

Ni Ọ̀gá bá ránṣẹ́ pe olórí ẹgbẹ́ òṣèré. Ìyá Òṣèré ni wọ́n ń pè é, obìnrin gìrìwò kan tí ohùn rẹ̀ lè jí ẹni tó sùn ní òpópónà kẹta. Akọ̀wé ti ka eré náà fún Ọ̀gá látòkè délẹ̀.

"Aránbàtà yìí," ni Ọ̀gá wí, "ta ló fún un láṣẹ láti jalè?"

"Olè ni, sà. Olè kì í gbàṣẹ."

"Nínú eré tí ilé iṣẹ́ wa bá fọwọ́ sí, olè á gbàṣẹ. Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀. Kó tó jí ẹsẹ̀ bàtà àkọ́kọ́, kó kọ lẹ́tà."

"Ta ló máa kọ ọ́ sí, sà?"

"Èmi."

"Ẹ ò sí nínú eré náà, sà."

"Àléébù rẹ̀ kejì nìyẹn."

Ìyá Òṣèré wo Akọ̀wé. Akọ̀wé wo bàtà ara rẹ̀. "Ó ti yé mi, sà," ni Ìyá Òṣèré wí, ní ohùn ẹni tí kò ní yí nǹkan kan padà. "Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni eré wa. Àwọn bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kúrò ní aago méjì kí wọ́n lọ kó àwọn ọmọ kéékèèké. Bí ẹ bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo aago."

"Aago ló máa ń wo èmi," ni Ọ̀gá wí.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ojú ewé mọ́kànlélógójì. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fún un lórúkọ: *Kí Ni Eré, Ta Ní Ń Wò Ó, Àti Ìdí Tí Mo Fi Wà Níbẹ̀*.

Ó ku ọ̀ràn àtẹ́wọ́. Ọ̀gá ti kíyè sí i pé àwọn ọmọ máa ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí inú wọn bá dùn, èyí tó burú, wọn kì í sì í pa á nígbà tí inú tòun bá dùn, èyí tó burú jù. Ló bá gbé òfin kalẹ̀. Ìlànà Ìdùnnú lorúkọ rẹ̀. Bí Ọ̀gá bá fi aṣọ ìnujú funfun kan iwájú orí, kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́. Bó bá fi kan imú, kí wọ́n rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn, nítorí àwàdà kan wà ní ojú ewé kẹtàdínlógún tó ti ń dá fún ọdún mẹ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni ò tíì rẹ́rìn-ín sí. Bó bá fi kan ojú, kí wọ́n dìde, kí wọ́n ké pé, "Ẹ tún un sọ, sà!" Ohun tí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ dẹ́kun títí àmì mìíràn á fi dé.

Akọ̀wé tẹ ìwé náà tán, ó wò ó síwá sẹ́yìn. "Ọ̀gá, àmì wo la máa fi dá wọn dúró?"

"Dá kí ni dúró?"

"Àtẹ́wọ́ náà, sà. Tàbí ẹ̀rín. Bó bá ti tó."

Ọ̀gá wò ó bí ẹni ń wo aláìsàn. "Akọ̀wé, látọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, ṣé o ti rí ẹni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún tó ní ó tó?"

Akọ̀wé ronú. Nílé iṣẹ́ yẹn, kò rí i rí. "Rárá, sà."

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Àwọn ọmọ ẹgbẹ̀ta ló máa wá wo eré. Àwọn olùyẹ̀wò ilé iṣẹ́ náà gbé aṣọ ìnujú, wọ́n pín ara wọn sí àwọn ilé ìwé, wọ́n ń nu imú, wọ́n ń nu ojú níwájú pátákó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Wọ́n ń fún ọmọ ní máàkì fún ẹ̀rín. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín tó ṣubú lulẹ̀, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ogún ọdún ni ilé iṣẹ́ yìí fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, kò wọlé. Èyí wọlé lọ́jọ́ mẹ́ta.

Àwọn aṣọ ìnujú Ọ̀gá jẹ́ mẹ́fà. Akọ̀wé ló máa ń kó wọn relé lọ fọ̀, nítorí Ọ̀gá ò fọkàn tán alágbàfọ̀. Ọmọ Akọ̀wé ló sì máa ń lọ̀ wọ́n, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá kan tó wà ní kíláàsì Àǹtí Tíṣà. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ eré, ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́, bàbá rẹ̀ jókòó tì í.

"Bàbá, ojú ewé mélòó lọ̀rọ̀ Ọ̀gá?"

"Mọ́kànlélógójì."

Ọmọ náà gbé áyọ́ọ̀nù sókè. Òun wà lára àwọn díẹ̀ tí ìṣirò wọlé sí létí. "Ojú ewé kan, ìṣẹ́jú méjì. Ìyẹn ìṣẹ́jú méjìlélọ́gọ́rin. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá ààbọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló máa kù fún eré."

"Ìyẹn bí ẹnikẹ́ni ò bá ní kó tún un sọ," ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì kẹ́dùn.

"Ẹ ṣèlérí pé a máa wo eré náà, Bàbá."

"Mo mọ̀, ìyá mi."

"Ọdún méjì la fi ń dáhùn ìbéèrè lórí ìṣubú aránbàtà. Mo kàn fẹ́ rí i kó ṣubú ni."

"Ọ̀gá ni o, ọmọ mi. Kí ni mo lè sọ?"

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ máa ń sọ gbogbo ohun tó ń sọ?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ò yé ọmọ. Ó dìde lọ wẹ̀. Ọmọ náà lọ aṣọ tó kù, ó sì wọ ilé ìdáná, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni ná.

Ọjọ́ pé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ̀ta kún gbọ̀ngàn náà fọ́fọ́. Àwọn àga pupa ti ya létí, gbogbo ibẹ̀ ń rùn fún ọ̀dà àti eruku, aṣọ ìkélé ńlá kan sì dí ojú ìtàgé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òṣèré márùn-ún dúró sí, òkìtì bàtà wà láàárín wọn. Nínú pákó ìtàgé, ní iwájú pátápátá, ihò kékeré kan wà tó ní ìdérí bí igbá. Ibẹ̀ lẹni tó ń rán òṣèré létí máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ náà, Akọ̀wé ni wọ́n kì bọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ẹni tó wà lórí ìtàgé ń rí orí rẹ̀, àwọn tó jókòó ò rí i. Òun ní tirẹ̀ ń rí wọn láti ara ihò kan tó wà lára ìdérí: Ìyá Alága ní ìlà iwájú, ọmọ tirẹ̀ ní ìlà kẹta.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé ọ̀fìnkìn ti ń bá Ọ̀gá fà á láti àná.

Aago méjìlá ààbọ̀ lù, Ọ̀gá bọ́ sórí ìtàgé nínú kóòtù onípele mẹ́ta. Iná ìtàgé mọ́lẹ̀ yòò, ó gbóná bí ẹnu ààrò.

"Ẹ̀yin ọmọ rere," ni Akọ̀wé wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ rere!" ni Ọ̀gá ké.

Ojú ewé kìíní lọ dáadáa. Èkejì lọ dáadáa. Ní ẹ̀kẹta, òógùn bo Ọ̀gá. Ó yọ aṣọ ìnujú, ó nu iwájú orí.

Ọmọ ẹgbẹ̀ta pàtẹ́wọ́. Wọ́n pa á pọ̀ bí ènìyàn kan ṣoṣo, eruku dìde láti ara àga. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó yí ojú sí Ìyá Alága. Ìyá Alága rẹ́rìn-ín padà. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Àtẹ́wọ́ ń lọ. Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè bí aṣáájú tí ọlá ti fẹ́ pọ̀ jù fún. Wọn ò mọ àmì yẹn. Àtẹ́wọ́ ń lọ. Ó ju ọwọ́ síhìn-ín, ó jù ú sọ́hùn-ún. Àtẹ́wọ́ ń lọ.

"Mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́!"

Àtẹ́wọ́ ń lọ. Inú bí Ọ̀gá, òógùn tún bò ó, ó tún nu iwájú orí, àwọn tí ọwọ́ ti ń ro sì tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Báyìí ni ó ṣe jà títí aṣọ ìnujú àkọ́kọ́ fi rin gbingbin. Ó jù ú nù, ó yọ èkejì.

"Ojú ewé kẹrin, sà," ni Akọ̀wé wí. "Olóògbé."

Apá tí Ọ̀gá gbójú lé jù nìyẹn. Ó fa ojú ro, ó gbé ọwọ́ láyà. "Olùdarí wa àtijọ́!" ni ó ké láàárín àtẹ́wọ́. "Ọkọ Ìyá wa Alága! Ikú mú un lọ!" Imú bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó gbé aṣọ ìnujú, ó nu imú.

Àtẹ́wọ́ gé bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ̀rín bẹ́.

Kì í ṣe ẹ̀rín kékeré. Ẹ̀rín máàkì mẹ́wàá ni. Àwọn ọmọ di ikùn mú, àwọn mìíràn ń yí nílẹ̀ láàárín àga, nítorí olùyẹ̀wò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìwé àti gègé. Ìyá Alága yí ọrùn díẹ̀díẹ̀, ó wo ẹ̀yìn.

"Ó kú lówùúrọ̀!" ni Ọ̀gá ké.

"Há há há!"

"Gbogbo wa sunkún!"

"Há há há há!"

Nígbà náà ni nǹkan gbóná kan gba imú Ọ̀gá bọ́ sí ojú. Omi dà lójú rẹ̀. Kí ni kó ṣe? Ó fi aṣọ ìnujú nu ojú.

Ọmọ ẹgbẹ̀ta fò dìde. "Ẹ tún un sọ, sà!"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọkùnrin yìí ti ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa ní kó tún ọ̀rọ̀ sọ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ò lè kọ̀ ọ́. "Olùdarí wa kú o!"

"Ẹ tún un sọ, sà!"

"Ó kú!"

"Ẹ tún un sọ, sà!"

"Ó kú pátápátá!"

Ìyá Alága dìde. "Ẹ̀ẹ̀kan ni ọkọ mi kú," ni ó wí fún ẹni tó jókòó tì í. "Kí ló dé tí ọkùnrin yìí fi ń pa á lẹ́ẹ̀keje?"

Bí Ọ̀gá bá ṣe ń nu ojú tó, bẹ́ẹ̀ lojú ń ta á sí i. Ó nu imú, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó nu orí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó nu gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìdajì jókòó, ìdajì dìde, àwọn kan sì ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti yọ. Nínú ariwo yẹn, ẹ̀rín mìíràn tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín tí kò láṣẹ, ó sì ń pọ̀ sí i.

Akọ̀wé wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago kan ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Eré gba ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, wíwọ bọ́ọ̀sì gba mẹ́wàá. Bí eré ò bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, kò ní bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó yọjú láti ihò ìdérí. Ní ìlà kẹta, ọmọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, kò pàtẹ́wọ́. Ó kàn ń tọ́ka sí ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń wo ihò náà.

Ọ̀gá tẹ̀ síhà ihò, ojú rẹ̀ ti dí pátápátá. "Kí ló kàn?" ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Akọ̀wé! Sọ̀rọ̀! Mo ń gbọ́!"

Ojú ewé karùn-ún ló kàn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé, "Lọ́dún tí wọ́n bí mi." Ọdún mọ́kànlá, ilé, owó ilé ìwé ọmọ, gbogbo rẹ̀ ló gba orí Akọ̀wé kọjá. Ó wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó kó ìwé náà sílẹ̀, ó jókòó lé e.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má bínú," ni ó wí.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má bínú!" ni Ọ̀gá ké.

Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa ṣe bí Ọ̀gá bá tọrọ àforíjì. Àmì ìdádúró tí wọ́n gbàgbé nìyẹn, ó ti wà nílẹ̀ látìgbà yìí.

"Ìyá Alága, ẹ má bínú. Ẹ̀bi àwọn ọmọ kọ́."

"Ìyá Alága, ẹ má bínú! Ẹ̀bi àwọn ọmọ kọ́!"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín bí mo bá nu imú."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín bí mo bá nu imú!" Ọ̀gá ń ju ọwọ́, ó ń yan, ohùn rẹ̀ ń dún. Kò tíì sọ̀rọ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Mi ò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dákẹ́, torí mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá ké ìyẹn náà.

"Ọ̀rọ̀ mi ku ojú ewé mẹ́tàdínlógójì, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ mi ku ojú ewé mẹ́tàdínlógójì, kò sì sí nǹkan kan nínú..." Etí Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí ihò. "Akọ̀wé, kí lò ń sọ yìí?"

Akọ̀wé gbójú sókè. "Mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, sà."

"Mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, sà!" ni Ọ̀gá ké, nítorí àṣà ti di ara.

"Ẹ fa aṣọ ìkélé. Eré ti yá."

"Ẹ fa aṣọ ìkélé! Eré ti yá!"

Ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá Òṣèré ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kó fa okùn, kì í béèrè ìdí. Ó fà á. Ibi tí Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí, ìdí kóòtù rẹ̀ ti kọ́ igi tó wà nísàlẹ̀ aṣọ ìkélé. Aṣọ ìkélé ń gòkè, kóòtù ń bá a gòkè. Bọ́tìnnì já, ó ń ta pá, pá, pá. Kóòtù bọ́ lọ́rùn Ọ̀gá, ó bá tirẹ̀ lọ sókè pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ, Ọ̀gá sì fi ìdí lulẹ̀ sáàárín òkìtì bàtà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tó lu ihò mẹ́rin. Mo ka ihò náà.

Àtẹ́wọ́ sọ. Kò sí aṣọ ìnujú kankan nínú èyí.

Aránbàtà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wo Ọ̀gá, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rọra bọ́ bàtà òsì rẹ̀, ó sì ní, "Oníbàárà àkọ́kọ́ ti dé." Eré bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá rá gba ẹ̀gbẹ́ ìtàgé jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta gẹ́lẹ́ ni wọ́n fi wò ó. Ìyá Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún. Nígbà tí aránbàtà ṣubú, àwọn ọmọ kíláàsì Àǹtí Tíṣà dìde láìsí ẹni tó pàṣẹ, àwọn kan sì ń ké nọ́ńbà ojú ewé rẹ̀. Aago méjì lù, bọ́ọ̀sì gbéra.

"Báwo ni ìṣubú náà?" ni Akọ̀wé bi ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó dáa, Bàbá. Ṣùgbọ́n ti Ọ̀gá dáa jù."

Kí bọ́ọ̀sì tó lọ ni Ìyá Alága ti béèrè pé, "Ta ló wà nínú ihò yẹn?" Gbogbo olùyẹ̀wò nawọ́ sí Akọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn náà gba ẹ̀kọ́ dáadáa. Akọ̀wé wólẹ̀, ó ń retí pé iṣẹ́ ti bọ́. "Dìde," ni Ìyá Alága wí. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń jókòó gbọ́ ọkùnrin yẹn. Òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan tó sọ."

Àǹtí Tíṣà ló wà nídìí ètò ìwòran eré báyìí, gbogbo kíláàsì ló sì ń lọ. Akọ̀wé ló ń kí wọn káàbọ̀, fúnra rẹ̀, láì fara pa mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò gùn: "Ẹ káàbọ̀. Eré ti yá." Wọ́n gbé Ọ̀gá lọ sí ilé ìkó-ṣọ́ọ̀kì-sí. Láràárọ̀, á ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, á mí kanlẹ̀ fúnra rẹ̀, á ní, "Háà!" Ológbò kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, kì í sì í dúró dé ojú ewé kejì.

Ó dáa. Mo búra níbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí iyọ̀ wà. Àwọn ọmọ ò tó ẹgbẹ̀ta, wọ́n dún bí ẹgbẹ̀ta ni. Ti adelé tó ń sọ "Háà", òótọ́ ni, ẹ lọ béèrè. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi dá ni ọ̀fìnkìn. Ọ̀gá ò ní ọ̀fìnkìn kankan. Ara rẹ̀ le koko, imú rẹ̀ gbẹ bí ṣọ́ọ̀kì lọ́jọ́ náà, títí ó fi yọ aṣọ ìnujú kejì. Bí ata gígún ṣe dé inú aṣọ tí wọ́n lọ̀ tó fi ń dán báyẹn, mi ò lè sọ. Mo bi ọmọ Akọ̀wé létí ìtàgé lọ́jọ́ kan. Kò tilẹ̀ yíjú sí mi. Ó ní kí n dákẹ́, òun ń wo eré lọ́wọ́.